Anton Wilhelm Amo, Ọmọ Axim

Bí èrò wa nípa Ọlọ́run kò bá ta ko ara rẹ̀, ǹjẹ́ èyí nìkan tó láti fi hàn pé Ọlọ́run ń bẹ? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa rántí Anton Wilhelm Amo.

Ní nǹkan bí ọdún 1703 ni a bí i lẹ́bàá Axim, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn oníṣòwò Họ́láńdì gbé e kọjá òkun. A fi í ta ọba Wolfenbüttel ní Jámánì lọ́rẹ, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1708. Ìlú yẹn náà ni Leibniz, àgbà ọlọ́gbọ́n, ti ń tọ́jú ilé ìkówèésí ọba títí ó fi kú ní 1716. Leibniz gbà pé bí kò bá sí ìtakora nínú èrò nípa Ẹni tí ó pé pérépéré, dandan ni kí Ẹni náà wà.

Amo wọ yunifásítì Halle ní 1727. Ní Wittenberg, ní 1734, ó kọ̀wé pé ọkàn ènìyàn fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora, ara ni ó ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá pe ọkàn ní ẹ̀mí tí kò ní ara, tí ó sì tún fún un ní ìrora, ó ti ta ko ara rẹ̀.

Ọ̀nà yìí dára láti fi kọ ohun tí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tẹ káàdì ìgbéyàwó ní Ṣómólú, tí a kọ ọjọ́ 31 oṣù Júùnù sí i, a kò ní láti dé Bàrígà kí a tó mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọjọ́ 30, tí gbogbo rẹ̀ sì gún régé, káàdì náà kò tíì mú ìyàwó wọlé. Leibniz yóò ní Ọlọ́run kò rí bí ìgbéyàwó, nítorí pé wíwà ti wà nínú èrò náà gan-an. Lójú tiwa, wíwà tí a kọ sínú èrò, inú èrò ni ó ṣì wà. Àwa gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n a kò lè bá a dé ibẹ̀.

Amo di olùkọ́ ní Halle àti Jena. Àwọn òyìnbó kan gbà nígbà náà pé adúláwọ̀ kò lè jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ọkùnrin náà sì nìyí tí ó dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ wọn.

Ní nǹkan bí 1747 ó padà sílé. Nígbà tí Gallandat, dókítà inú ọkọ̀, rí i ní Axim ní 1753, bàbá rẹ̀ àti arábìnrin rẹ̀ kan ṣì wà láàyè. Arákùnrin rẹ̀ kan sì jẹ́ ẹrú ní Suriname. Ní Shama, létí òkun, ni ibojì rẹ̀ wà.