Trikoupis: Olórí ìjọba Gíríìsì tó yáwó tún ìlú ṣe, tí gbèsè sì lé e kúrò nílé

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin, ọdún 1896 ni ariwo ayọ̀ gba ìlú Átẹ́nì tó jẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gíríìsì kan. Ọmọ ilẹ̀ náà kan, Spyridon Louis, ló gba ipò kìíní nínú eré ìje ọlọ́nà jíjìn níbi ìdíje Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ ní ayé òde òní. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ayọ̀ náà ṣì ń lọ lọ́wọ́, ọkùnrin kan tó ti ṣe olórí ìjọba Gíríìsì nígbà méje kú sí ìlú Cannes ní ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ló lọ jókòó sí lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú rẹ̀ fi ìbò lé e dànù. Charilaos Trikoupis lorúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni.

Nígbà tí gbèsè Gíríìsì kó ìpayà bá gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù lọ́dún 2010, orúkọ ọkùnrin yìí náà ni wọ́n tún ń dá níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti kú. Àwọn kan ń bú u, àwọn kan ń sọ pé ìlú kò tíì rí irú rẹ̀ mọ́.

Ìlú Nafplio ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1832. Ilé olóṣèlú ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Spyridon Trikoupis, ṣe olórí ìjọba lọ́dún 1833, kó tó di aṣojú ilẹ̀ náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Charilaos kàwé nípa òfin ní Átẹ́nì àti Párísì, lẹ́yìn náà ló lọ bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé nígbà tó padà sílé, bí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ń wò ó. Kì í rẹ́rìn-ín ìpàdé òṣèlú, kì í sì í dì mọ́ ènìyàn kiri. Kò gbéyàwó títí tó fi kú. Sophia, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí òun náà kò lọ́kọ, ló ń gba àlejò nílé fún un, òun ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn olóṣèlú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní sùúrù fún.

Ọdún 1874 ni gbogbo ìlú gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé ìròyìn, ó sì fi béèrè ta ló jẹ̀bi wàhálà ìlú. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọba ni, torí pé Ọba George Kìíní ń yan ẹni tó wù ú ṣe olórí ìjọba, ì báà má ní ọmọ ilé aṣòfin tó pọ̀ lẹ́yìn. Kò fi orúkọ sí i, olóòtú ìwé ìròyìn náà ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Trikoupis fúnra rẹ̀ ló jáde pé òun lòun kọ ọ́. Wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ díẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọba kan náà gbé ìjọba lé e lọ́wọ́, ó sì gbà pé láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ilé aṣòfin bá fọkàn tán lòun yóò máa pè.

Gbèsè ti wà ní Gíríìsì kí wọ́n tó bí Trikoupis. Lọ́dún 1824 àti 1825, nígbà tí wọ́n ń bá Tọ́kì jagun òmìnira, wọ́n yá owó ní Lọ́ńdọ̀nù, èkíní 800,000 pọ́n-ùn, èkejì 2 mílíọ̀nù. Kó tó dọ́dún 1827, wọn kò lè san mọ́. Wọ́n tún yá 60 mílíọ̀nù fàráǹkì tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Rọ́ṣíà ṣe onídùúró fún, èyí náà sì há wọn lọ́rùn lọ́dún 1843. Látìgbà náà, kò sí olówó Yúróòpù tó fẹ́ rí wọn sójú. Ọdún 1878 ni wọ́n tó bá àwọn tó ni owó àtijọ́ yẹn ṣe àdéhùn, nígbà tó sì di 1879, ilẹ̀kùn ẹ̀yáwó tún ṣí.

Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni Trikoupis gbà wọlé. Ohun tó rò kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ó ní ìlú tí kò lọ́nà kò lè rí ọjà tà, èyí tí kò bá sì rí ọjà tà kò lè rí owó san. Lọ́dún 1882, ojú irin tó wà ní gbogbo Gíríìsì kò ju nǹkan bíi kìlómítà méjìlá lọ, ìyẹn láti Átẹ́nì dé èbúté rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá ó ti lé ní 900 kìlómítà. Lásìkò rẹ̀ náà ni wọ́n la ọ̀nà omi Kọ́ríńtì, Kọ́ríńtì tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ ìwé sí nínú Bíbélì. Nero, ọba Róòmù, ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún 67, kò ṣeé ṣe. Ọdún 1882 ni ilé iṣẹ́ Faransé kan tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n wọ gbèsè lẹ́nu iṣẹ́ náà, ilé iṣẹ́ ọmọ Gíríìsì ló sì parí rẹ̀ lọ́dún 1893. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà mẹ́fà, inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ gbà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tí wọ́n yá ló dé ìdí ojú irin. Ọkọ̀ ojú omi ogun mẹ́ta ni wọ́n rà ní Faransé, nítorí Tọ́kì. Owó ọmọ ogun wà níbẹ̀, àìpé ìṣúná ọdọọdún wà níbẹ̀, gbèsè àtijọ́ náà sì ń jẹ nínú tuntun. Láàárín 1879 sí 1893, owó tí wọ́n kọ sínú ìwé pé Gíríìsì yá lé ní 600 mílíọ̀nù fàráǹkì. Èyí tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kéré sí i dáadáa, torí pé àwọn olówó ti ń yọ tiwọn níbẹ̀rẹ̀. Lórí iye tó wà nínú ìwé ni wọ́n sì ń san èlé.

Láti rí owó san án, Trikoupis fi owó orí kún owó orí. Lọ́dún 1880 ó mú ìdámẹ́wàá irè oko tí àgbẹ̀ ń san kúrò, ó wá fi owó lé orí màlúù àti ẹṣin tí wọ́n fi ń túlẹ̀. Ó bu owó lé tábà àti ọtí wáìnì. Ó ṣòfin pé ìjọba nìkan ni yóò máa ta karosíìnì, ìṣáná àti káàdì títa. Ẹ wò ó, ẹ̀yin òǹkàwé wa, kò sí ilé tálákà tí kì í tan iná lálẹ́. Ibi tó ti dun ará oko nìyẹn.

Theodoros Deligiannis tó jẹ́ alátakò rẹ̀ mọ èyí dáadáa. Ohun tí Trikoupis bá ti fọwọ́ sí, òun ta kò ó. Ó ṣèlérí pé òun yóò dín owó orí kù, àwọn ènìyàn sì dìbò fún un lọ́dún 1885. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kó ọmọ ogun jọ nítorí ọ̀rọ̀ Bọ̀gáríà. Àwọn ìjọba ńlá Yúróòpù fi ọkọ̀ ogun dí èbúté Gíríìsì lọ́dún 1886 títí wọ́n fi tú àwọn ọmọ ogun ká. Owó ti lọ, wọn kò sì rí nǹkan kan mú bọ̀. Trikoupis ni wọ́n tún pè padà wá gbé ẹrù náà. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn nìyẹn.

Ohun méjì ló wá fọ́ ọ lọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́ ni owó ilẹ̀ wọn, dírákímà. Ní oṣù kìíní 1885 ó ṣe é débi pé ẹnikẹ́ni lè mú un lọ sí báńkì gba wúrà. Oṣù mẹ́sàn-án péré ló lè ṣe é mọ. Nígbà tó di 1893, dírákímà kan àtààbọ̀ kò tó ra fàráǹkì wúrà kan mọ́. Dírákímà ni àgbẹ̀ fi ń san owó orí, wúrà sì ni àwọn olówó òkèèrè ń gbà.

Èkejì ni èso àjàrà kékeré tí wọ́n máa ń sá gbẹ. Òun ni Gíríìsì ń tà jù sókè òkun. Nígbà tí kòkòrò kan jẹ gbòǹgbò igi àjàrà ilẹ̀ Faransé run, àwọn Faransé ń ra ti Gíríìsì láti fi ṣe wáìnì. Owó dé, àwọn àgbẹ̀ hú igi ólífì wọn, wọ́n gbin àjàrà. Ṣùgbọ́n oko Faransé padà bọ̀ sípò, lọ́dún 1892 wọ́n gbé owó ibodè lé èyí tó ń tilẹ̀ òkèèrè wá, nígbà tó sì di 1893 iye rẹ̀ já wálẹ̀ bí òkúta. Àwọn bàbá wa tó gbin kòkó kò ní béèrè bó ṣe rí.

Trikoupis lọ wá ẹ̀yáwó mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún náà. Ọba kọ̀ láti buwọ́ lu ohun tí àwọn olówó béèrè, Trikoupis sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Oṣù kọkànlá ni wọ́n tún pè é. Ní oṣù kejìlá ló dìde nílé aṣòfin, ó sì jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ti wọ gbèsè kọjá àsan. Òfin tí wọ́n ṣe ni pé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún èlé nìkan ni wọn yóò máa san. Olówó Jámánì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì figbe ta.

Lójú tiwa, ẹ̀bi rẹ̀ kò sí nínú ojú irin tó ṣe. Ojú irin ń fẹ́ ogún ọdún kó tó mú èrè wá, èlé kì í dúró dè é. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó tún ń yá. A kò sì lè ní kò jẹ̀bi ọkọ̀ ogun mẹ́ta yẹn.

Ní oṣù kìíní 1895 àwọn ènìyàn wọ́de ní Átẹ́nì nítorí owó orí. Ìjọba fẹ́ tú wọn ká, Àrẹ̀mọ ọba dá sí i, ó sì gbè sẹ́yìn àwọn tó ń wọ́de. Trikoupis kọ̀wé fipò sílẹ̀. Nígbà ìbò oṣù kẹrin, kò tilẹ̀ wọlé ní Messolonghi, agbègbè tirẹ̀. Ó kẹ́rù, ó lọ sí Faransé. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìlú tí kò rówó san gbèsè kò lówó Òlíḿpíìkì. George Averoff, oníṣòwò ọmọ Gíríìsì tó ń gbé ní Alẹkisáńdíríà, ló fi owó ara rẹ̀ tún pápá ìṣeré ṣe tí ìdíje náà fi ṣeé ṣe.

Deligiannis ló wà lórí oyè nígbà tí Gíríìsì kojú Tọ́kì lọ́dún 1897. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, Tọ́kì ti ṣẹ́gun wọn, owó ìtanràn sì tún di gbèsè tuntun. Lọ́dún 1898 ni ìjọba mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Rọ́ṣíà, Jámánì, Ítálì àti Ọ́stíríà òun Họ́ńgárì, wá dógò ti Gíríìsì, gẹ́gẹ́ bí olówó ti ń ṣe láyé àwọn bàbá ńlá wa. Ìgbìmọ̀ wọn jókòó sí Átẹ́nì, wọ́n ń gba owó iyọ̀, karosíìnì, ìṣáná, káàdì, tábà àti owó ibodè èbúté Piraeus, kí ìjọba tó rí èyí tó kù ná. Owó tí Trikoupis fi tà kò lè wọlé ìbò mọ́ náà ni wọ́n ń gbà yẹn. Ọdún 1978 ni wọ́n tó tú ìgbìmọ̀ ọ̀hún ká.

Ní oṣù karùn-ún 2010, Gíríìsì tún gba ìrànwọ́ 110 bílíọ̀nù yúrò. Wọ́n dín owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbà kù, ọdún 2018 ni wọ́n tó jáde kúrò nínú ètò ìrànwọ́ náà. Orúkọ Trikoupis ni wọ́n fún afárá Rio sí Antirrio, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹjọ 2004. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé òun ló kọ́kọ́ dábàá rẹ̀. Àwọn tó gbé iná Òlíḿpíìkì ọdún náà ló kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá wa mọ́tò gba ibẹ̀ lónìí yóò sanwó kó tó kọjá.