Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili

 Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn wọn lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Ìdànrè, wọn kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí àtẹ kan lọ́jà wa níbí tí iṣẹ́ wọn ò dé. Ẹ wo ara ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí ẹ ń tà, ẹ ó rí nọ́ńbà NAFDAC níbẹ̀.

Makurdi ni wọ́n bí wọn sí ní July 14, 1954, ọmọ Ìbò láti ìpínlẹ̀ Anambra. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní Yunifásítì Nsukka, wọ́n sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Ní 1988, àbúrò wọn obìnrin tó ní ìtọ̀ ṣúgà kú. Ayédèrú abẹ́rẹ́ insulin ló fà á.

Kì í ṣe pé òfin ò sí o. Ní 1990, ọmọdé 109 ló kú ní Ìbàdàn àti Jos nítorí paracetamol olómi tí májèlé wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ṣe òfin NAFDAC ní 1993, wọ́n tún ṣe ti ayédèrú oògùn àti oúnjẹ tí kò dára ní 1999. Inú ìwé ni òfin náà jókòó sí. Àwa tí a ti ń ná ọjà nígbà náà mọ̀ ọ́n: kápúsù wà lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata, oòrùn ń pa á, kò sì sẹ́ni tó ń bi ilé iṣẹ́ tó ṣe é léèrè.

April 2001 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi wọ́n ṣe ọ̀gá NAFDAC. Ohun tí Ààrẹ ti gbọ́ ni pé nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní PTF, wọ́n gba owó iṣẹ́ abẹ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, dókítà ní kò pọn dandan, ni wọ́n bá dá owó padà. Ní Nàìjíríà wa yìí kẹ̀!

Wọ́n ní kí wọ́n máa yẹ oògùn wò láti India àti China kí ó tó wọ ọkọ̀. Wọ́n dáná sun ẹrù rẹpẹtẹ. Ní 2007 wọ́n ti ọjà oògùn Bridge Head ní Onitsha pa. Ká sọ òótọ́, ìyẹn dùn wá díẹ̀, torí ọlọ́jà tí kò jẹ̀bi náà jókòó sílé. Bí ilé iṣẹ́ bá ṣẹ̀, alátẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí mú. Àmọ́ ìyá tí ọmọ rẹ̀ mu ayédèrú oògùn kú ńkọ́?

Ní December 26, 2003, àwọn agbébọn yìnbọn sí mọ́tò wọn ní Anambra. Ọta gba inú gèlè kọjá, ó ha wọ́n lórí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó wà nítòsí kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sun ọ́fíìsì NAFDAC. Ìyá yìí ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009 ni oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ tó lé ní 80. NAFDAC ti ilé iṣẹ́ náà pa. December 2008 ni wọ́n fi wọ́n ṣe mínísítà ìròyìn. Ní May 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà 2 lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7, ó sì ní kí wọ́n tú ilé iṣẹ́ náà ká, kí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ o, kì í ṣe alátẹ.

Ó ṣojú wọn. June 7, 2014 ni àrùn jẹjẹrẹ mú wọn lọ ní India, ní ẹni ọdún 59. Wọ́n sin wọ́n sí Agulu, ìlú ọkọ wọn.