Ivar Lovaas: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ àwọn ọmọ tí ayé ti pa tì

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí bá iṣẹ́ ìgbésí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ole Ivar Lovaas mu púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè ni ọkùnrin náà, tó sì jẹ́ pé Amẹ́ríkà ló ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìwádìí hàn pé ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yọ lẹ́nu rẹ̀, tí kì í fẹ́ wo ojú ẹni, tó máa ń dá wà láàárín ẹgbẹ́, ṣe é kọ́ bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀. Òun kan náà ló tún fi iná mànàmáná bá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wí. Ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi dùn bí oyin lẹ́nu àwọn kan, tó sì korò bí ewúro lẹ́nu àwọn mìíràn títí di òní.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún, ọdún 1927 ni wọ́n bí Lovaas ní Lier, ìlú kan tí kò jìnnà sí Oslo tí í ṣe olú-ìlú Nọ́wè. Kò tíì pé ọmọ ọdún 13 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Hitler ya wọ orílẹ̀-èdè náà ní oṣù kẹrin, ọdún 1940. Ọdún márùn-ún ni Nọ́wè fi wà lábẹ́ àjèjì, iṣẹ́ alágbàṣe inú oko sì ni àwọn ẹbí rẹ̀ fi gbé ara wọn ró nígbà ogun náà. Ó sọ nígbà tó dàgbà pé ohun tí ojú òun rí nígbà náà ló mú kí òun fẹ́ mọ ohun tó ń sọ ènìyàn di ẹni rere tàbí ẹni búburú.

Nígbà tí ogun parí, fàólìn, ìyẹn gòjé àwọn òyìnbó, ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ta, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní Luther College ní ìpínlẹ̀ Iowa, ó sì jáde níbẹ̀ ní ọdún 1951. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, níbi tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ nípa ìwà àti ìrònú ẹ̀dá ní ọdún 1958. Ní ọdún 1961, Yunifásítì California ní Los Angeles gbà á síṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ọ́tísíìmù ti rí láyé ìgbà náà. Ọdún 1943 ni Dókítà Leo Kanner, ní ìlú Baltimore, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 tí ìwà wọn jọ ara wọn, tó sì fún ipò náà lórúkọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹ̀bi ìyá ni. Wọ́n ní ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dénú ló ń sọ ọmọ dà bẹ́ẹ̀. Bruno Bettelheim ní Chicago wà lára àwọn tó tan èrò yìí kálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn sórí. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ náà lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì ń dàgbà sí.

Lovaas kò tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Ẹ̀kọ́ B. F. Skinner, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Harvard, ló gbà gbọ́: ìwà tí ẹ̀san rere bá tẹ̀ lé, ẹ̀dá yóò tún un hù. Charles Ferster, tó ti bá Skinner ṣiṣẹ́, ti kọ́kọ́ dán ẹ̀kọ́ yìí wò lára àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù. Lovaas ló wá sọ ọ́ di ètò tí olùkọ́ àti òbí lè tẹ̀ lé láti àárọ̀ di alẹ́.

Bí wọ́n ti ń ṣe é kò ṣòro láti lóye. Olùkọ́ yóò jókòó ti ọmọ, yóò sì fún un ní àṣẹ kékeré kan, bóyá kí ó fọwọ́ kan imú rẹ̀. Bí ọmọ kò bá ṣe é, olùkọ́ yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, yóò sì ràn án lọ́wọ́ láti ṣe é. Bí ó bá ti ṣe é, oúnjẹ díẹ̀, ìyìn tàbí ìdìmọ́ra yóò tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Wọn yóò tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, wọn yóò sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ náà yóò máa dín kù. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní wíwọ aṣọ, jíjẹun, ṣíṣeré àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ọdún 1966, Lovaas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science nípa bí wọ́n ti kọ́ ọmọ méjì tí kò lè sọ̀rọ̀ láti máa pe ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé olùkọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò nìyí. Àwọn mìíràn nínú àwọn ọmọ náà ń fi orí gbá ògiri, wọ́n ń bu ara wọn jẹ títí ẹran ara wọn fi ń bó. Lovaas ṣàkíyèsí pé bí àánú bá mú kí wọ́n rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, ńṣe ni ìwà náà ń pọ̀ sí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ariwo, ìgbátí àti iná mànàmáná dá wọn lẹ́kun. Ní ọdún 1965, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ìbejì ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n fi iná gbá lẹ́sẹ̀ láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, kí wọ́n lè sáré tọ àgbàlagbà lọ. Ní ọdún yẹn kan náà, ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ jáde, gbogbo Amẹ́ríkà sì rí i. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọwọ́ ọ̀tún Lovaas le ju bó ti yẹ lọ, pàápàá lára ọmọ tí kò ní ẹnu láti fi ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é.

Ọdún 1973 ló fi ẹ̀kọ́ ńlá kọ́ òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó tún yẹ àwọn ọmọ 20 tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ wò, ó rí i pé àwọn tí wọ́n dá padà sí ilé ìtọ́jú ti gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lọ́dọ̀ òbí tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ náà ṣì ń tẹ̀ síwájú. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé ilé ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ti wáyé, lọ́dọ̀ òbí, kí ọmọ sì wà ní kékeré.

Èso èrò yìí jáde ní ọdún 1987. Àwọn ọmọ 19 tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin gba ẹ̀kọ́ fún nǹkan bí wákàtí 40 lọ́sẹ̀, fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́sàn-án nínú wọn parí ọdún àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ ń lọ, òye wọn sì bá ti ẹgbẹ́ wọn dọ́gba. Nínú àwọn 40 tí kò gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ kan péré ló rí bẹ́ẹ̀. Ìròyìn náà mi ilé ayé tìtì. Àwọn onímọ̀ kan kò gbà á, nítorí pé wọn kò fi ìbò pín àwọn ọmọ náà sí ẹgbẹ́. Wọ́n sì tọ́ka sí i pé wọ́n ṣì ń lu àwọn ọmọ kan nítan nínú ìwádìí ọ̀hún. Ní ọdún 2000, Tristram Smith, akẹ́kọ̀ọ́ Lovaas fúnra rẹ̀, gbé ìwádìí tí wọ́n ti pín ọmọ 28 bó ti yẹ jáde. Ẹ̀kọ́ náà ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò pọ̀ tó ti 1987.

Àbàwọ́n mìíràn tún wà. Ní ọdún 1974, òun àti George Rekers gbé ìwádìí kan jáde nípa bí wọ́n ti fẹ́ yí ìwà ọmọkùnrin kékeré kan tó ń ṣe bí obìnrin padà. Ní ọdún 2020, ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó gbé e jáde kìlọ̀ fún àwọn òǹkàwé nípa iṣẹ́ náà àti ìpalára tó lè ti ibẹ̀ wá.

Síbẹ̀, àwọn òbí kò gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí àwọn mìíràn ń dá ìyá lẹ́bi, òun ló sọ ìyá di olùkọ́. Ó bá Bernard Rimland, bàbá ọmọ kan tó ní ọ́tísíìmù, ṣọ̀rẹ́ nínú iṣẹ́ náà. Ó jáwọ́ nínú lílo iná mànàmáná, nígbà ogbó rẹ̀ ó sì ta ko irú ìjìyà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lónìí ń lo eré àti ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù, bíi Michelle Dawson ní Kánádà láti ọdún 2004, ti béèrè ìbéèrè kan tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ṣé kí ọmọ lè gbé ayé ìrọ̀rùn ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, àbí kí ó kàn lè jọ àwọn ẹlòmíràn?

Lovaas kú ní ìlú Lancaster, ní California, ní ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 2010, lẹ́ni ọdún 83. Àrùn ìgbàgbé ti ń bá a jà kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ẹni tó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ sí ọmọdé lẹ́nu wá di ẹni tí iyè rẹ̀ ń ṣí. Ogún méjì ló fi sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kò sí ọmọ tó yẹ kí wọ́n pa tì. Èkejì ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọwọ́ tó fi ń kọ́ ọ.