Gerhard Domagk: bí imí ọjọ́ ṣe di oògùn

Aboyún tó bá lọ wo oyún ní ilé ìwòsàn lágbègbè wa mọ oògùn ibà tí wọ́n ń fún un, hóró mẹ́ta tó máa gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà. Sulfadoxine wà nínú ẹ̀. Sulfa yẹn, imí ọjọ́ ni, soufre, èyí tí àwọn eléwé ọmọ ń tà lọ́jà. Dókítà Gerhard Domagk ló fi han ayé pé oògùn irú èyí lè wo àrùn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Jámánì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1895. Ó ń kọ́ ìṣègùn lọ́wọ́ nígbà tí ogun 1914 dé. Ọta bà á, wọ́n wá fi í sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ó rí ohun tí ojú ń rí! Wọ́n á gé ẹsẹ̀ sójà, iṣẹ́ abẹ á yọrí, àmọ́ egbò á kẹ̀, ó di kí ó kú. Kò sí oògùn.

Ní 1927, ó wọ ilé iṣẹ́ Bayer. Josef Klarer àti Fritz Mietzsch ń po aró tuntun, òun ń dán an wò lára eku. Pàbó ló ń já sí, títí di 1932 tí wọ́n so èròjà kan tó ní imí ọjọ́ nínú mọ́ aró pupa. Wọ́n kó kòkòrò streptocoque sára àwọn eku: àwọn tó lo aró náà yè, àwọn yòókù kú. Prontosil ni wọ́n pè é. (Ẹ má lọ fi imí ọjọ́ ọjà ṣe àgúnmu o, kì í ṣe ọ̀kan náà!)

Lọ́dún 1935, abẹ́rẹ́ gún Hildegarde, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ́wọ́. Apá wú, àwọn dókítà fẹ́ gé e. Bàbá fún un ní Prontosil, ọmọ yè, apá sì wà níbẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní Institut Pasteur ní Paris, Jacques àti Thérèse Tréfouël pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé aró náà kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Inú ara ló ń pín in sí méjì, apá tó ní imí ọjọ́ ló ń wo àrùn. Apá yẹn, wọ́n ti po ó ní Vienna láti 1908, kò sẹ́ni tó lè ní tòun nìkan ni mọ́. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni oògùn náà ti di ti tálákà.

Wọ́n fún Domagk ní ẹ̀bùn Nobel ní 1939. Hitler ò gbà. Ọlọ́pàá tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n mú un fọwọ́ sí ìwé pé òun kò fẹ́. Ó gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ ní 1947, owó ti lọ. Ó ti kọjú sí ikọ́ ẹ̀gbẹ nígbà náà, pẹ̀lú oògùn mìíràn tó ní imí ọjọ́, thioacétazone, tí wọ́n lò gan-an ní Áfíríkà torí pé kò wọ́n. Ó kú ní 1964.