Bí Paraíba ṣe di João Pessoa

Ní ilẹ̀ Bràsíl, níbi tí àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wá, ìlú ńlá kan wà létí òkun tó ń jẹ́ João Pessoa. Orúkọ èèyàn ni. Paraíba ni ìlú náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, bíi ti ìpínlẹ̀ tó jẹ́ olú-ìlú rẹ̀.

Ọdún 1878 ni wọ́n bí João Pessoa ní Umbuzeiro, ní ìpínlẹ̀ Paraíba yìí kan náà. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin. Epitácio Pessoa, arákùnrin ìyá rẹ̀, ṣe ààrẹ Bràsíl láti 1919 sí 1922. Ní 1928, òun náà di olórí ìpínlẹ̀ Paraíba.

Nígbà tó dépò, ó bu owó orí lé ọjà tó ń gba orí ilẹ̀ wọlé láti Recife, kí ọjà lè máa gba èbúté Paraíba fúnra rẹ̀. Inú bí àwọn alágbára ìgbèríko, torí Recife ni wọ́n ti ń ṣòwò. Ní 1930, José Pereira, alágbára ìlú Princesa, kó ìbọn dìde sí i.

João Pessoa tún kọ̀, kò fẹ́ gbè lẹ́yìn ẹni tí ààrẹ fẹ́ fi rọ́pò ara rẹ̀. Ó bá Getúlio Vargas du ipò, gẹ́gẹ́ bí igbákejì, àmọ́ wọn ò wọlé.

Ọ̀tá rẹ̀ kan wà, João Dantas, tó wà lẹ́yìn José Pereira. Àwọn ọlọ́pàá já wọ ibùgbé rẹ̀, wọ́n kó ìwé rẹ̀, àṣírí rẹ̀ sì tú síta. Ní 26 July 1930, Dantas yìnbọn pa João Pessoa ní Recife.

Ìlú gbaná. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ní 4 September, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú. Wọ́n kọ NEGO sára àsíá ìpínlẹ̀ náà, ìyẹn ni pé mo kọ̀. Kí ọdún tó parí, Vargas ti gbàjọba.

Títí dòní, àwọn kan níbẹ̀ ṣì fẹ́ kí wọ́n pa orúkọ náà dà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n wò lọ́jọ́ náà, ilé ọ̀fọ̀ ni. Ẹkún àwọn kan lórúkọ náà, àmọ́ gbogbo ìlú ló ń jẹ́ ẹ.