George Stephenson, Ẹni Tó La Ọ̀nà Rélùwéè

Nínú ìsinmi tó kọjá, èmi àti ìyá mi àgbà wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà n'Íbàdàn lọ sí Èbúté-Mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí. Màmá ti sùn kí a tó dé Abẹ́òkúta, àmọ́ èmi ò sùn rárá. Oko ẹ̀gẹ́, òrùlé páànù, àwọn ọmọdé tó ń juwọ́ sí wa, gbogbo wọn ń kọjá bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń sáré. Nígbà tí mo délé ni mo wá ìtàn ẹni tó bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀nà yìí kà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1781 ni wọ́n bí George Stephenson ní abúlé Wylam, lẹ́bàá odò Tyne, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni kó máa koná sí ẹ́ńjìnì tó ń fa omi jáde nínú ihò tí wọ́n ti ń wa èédú. Bàbá ò mọ̀wé, ìyá ò mọ̀wé, yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbé. Iwájú ilé wọn gan-an ni àwọn ẹṣin ti ń fa ọmọlanke èédú lórí igi gbọọrọ tí wọ́n tò sílẹ̀. Owó ilé ìwé ò sí, màlúù ni George ń dà kiri.

Ó ti pé ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ A, B, D ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, owó iṣẹ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń san án. Ọmọ ọdún 18! Ẹ mọ orúkọ tí a máa ń pe ẹni tó bá dàgbà jù wá lọ ní kíláàsì. Èmi náà ti pè é rí, mi ò ní purọ́.

Ó fẹ́ Fanny ní 1802, wọ́n bí Robert ní 1803. Wọ́n tún bí obìnrin kan, ọmọ náà kú, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì pa ìyá rẹ̀ ní 1806. Lẹ́yìn ìyẹn ni ooru ẹ́ńjìnì tún fọ́ bàbá George lójú, òun ló sì ń bọ́ ọ. Ó ń tún bàtà ṣe, ó ń tún aago ṣe, kí Robert lè lọ sí ilé ìwé tó dáa ní Newcastle. Robert á gbé ìwé bọ̀ láti ìlú, bàbá àtọmọ á sì jọ kà á lálẹ́. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí nìyẹn.

Ní 1814 ó ṣe ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, Blücher. Ó lè fa ẹrù tọ́ọ̀nù 30 gun òkè, ṣùgbọ́n máìlì 4 péré ló ń rìn ní wákàtí kan. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè máa bá a tàkúrọ̀sọ.

Ọdún 1825 dùn fún un, ó sì korò. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ṣí ọ̀nà Stockton sí Darlington, òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti pè é síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London nítorí ọ̀nà tó fẹ́ là láti Liverpool dé Manchester. Agbẹjọ́rò bi í nípa ìwọ̀n ilẹ̀, kò rí èsì fọ̀. Àwọn kan máa ń gbèjà rẹ̀ níbí, èmi ò ní gbè é: àṣìṣe wà nínú ìwọ̀n náà lóòótọ́, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n da àbá náà nù, àwọn tó gbà á síṣẹ́ sì fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀.

Ní 1826 wọ́n fọwọ́ sí àbá tuntun, wọ́n tún pè é padà. Irà ńlá kan wà lójú ọ̀nà, Chat Moss, tí gbogbo ohun tí wọ́n bá dà sí i ń rì. Kí ni George ṣe? Ó tẹ́ ẹ̀ka igi àti koríko lé orí rẹ̀ nípele-nípele títí ọ̀nà fi léfòó. Ọkọ̀ ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá dòní. Ní 1829, ọkọ̀ Rocket tí Robert kọ́ gba ẹ̀bùn £500 nínú ìdíje.

Ọjọ́ ìṣíde, 15 oṣù kẹsàn-án 1830, bàjẹ́. Aṣòfin William Huskisson bọ́ sílẹ̀ sójú irin, Rocket sì gun ẹsẹ̀ rẹ̀. George fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ mìíràn gbé e sáré, máìlì 15 láàárín ìṣẹ́jú 25. Síbẹ̀ ó kú lálẹ́ ọjọ́ náà.

Òun ló tún la ọ̀nà Whitby sí Pickering, tí wọ́n ṣí ní 1836. Ẹṣin ló kọ́kọ́ ń fa ọkọ̀ ibẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ eléèéfín àtijọ́ ló ń gbé àlejò gba àárín òkè àti pápá kọjá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì wo fíìmù Harry Potter àkọ́kọ́ ti rí ọ̀kan nínú àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀, Goathland. Tówó bá wà lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Àmọ́ a ò tíì jìnnà sí i. Ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì mẹ́jọ àtààbọ̀ ló wà láàárín irin méjèèjì ní Liverpool sí Manchester. Iye yẹn gan-an ló wà láàárín irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021. Ti àtijọ́, tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ní 1896, tóóró jù ú lọ: ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6.

George kú ní Chesterfield ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1848, ó jẹ́ ẹni ọdún 67. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, kùkúḿbà ló gbájú mọ́. Ó ń fi ìgò gígùn bò wọ́n kí wọ́n má baà wọ́. Mo sọ èyí fún màmá, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní a óò tún wọ ọkọ̀ náà lọ́dún Kérésì, ṣùgbọ́n òun ló máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.