Alan Lloyd Hodgkin

Alan Lloyd Hodgkin (5 Oṣù Kejì 1914 – 20 Oṣù Kejìlá 1998) jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣàlàyé bí iṣan ṣe ń gbé ìmọ̀lára káàkiri ara. Ìlú Banbury ni wọ́n bí i sí, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College, Cambridge.

Ní ọdún 1939, ní Plymouth, òun àti Andrew Huxley ki ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín bọ inú fọ́nrán iṣan squid, ẹran inú òkun tí fọ́nrán iṣan rẹ̀ tóbi púpọ̀, wọ́n sì wọn agbára iná mànàmáná inú rẹ̀. Láìpẹ́, ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀. Hodgkin pa ìwádìí náà tì, ó lọ ṣiṣẹ́ lórí rédà fún ọkọ̀ òfuurufú ológun.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1952, wọ́n fi hàn pé bí iná mànàmáná ara awọ sẹ́ẹ̀lì bá yí padà, ọ̀nà sódíọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ ṣí, tí íónì rẹ̀ yóò ya wọlé. Kò ní pẹ́ tí ọ̀nà yìí yóò fi padé. Ti pọ̀tásíọ̀mù yóò sì ṣí, kí íónì tirẹ̀ lè jáde, kí iṣan sì padà sí ipò ìsinmi. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí nígbà náà. Ìwọ̀n àti ìṣirò ni wọ́n gbára lé. Ọdún 1976 ni Erwin Neher àti Bert Sakmann tó wọn iná tí ń gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá.

Hodgkin, Huxley àti John Eccles jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú Ìṣègùn ní ọdún 1963. Hodgkin jẹ́ ààrẹ Royal Society láti ọdún 1970 sí 1975. Ìlú Cambridge ni ó kú sí.